Òwú Bàbá Mi Lára Wáyà

Mo kúnlẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀ Màmá Pẹ́gì, mò ń fi táwẹ́ẹ̀lì nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi. Wọn kì í fẹ́ ká gbé fóònù lẹ́nu iṣẹ́ wa. Mo jẹ́ kó gbọ̀n títí ó fi dákẹ́. Kò pẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Màmá Pẹ́gì, arúgbó òyìnbó tí mò ń wẹ̀ fún, tí mo sì ń se oúnjẹ fún, wo ojú mi láti orí àga ìwẹ̀, ó ní kí n gbé e, ó ní ẹsẹ̀ òun kò ní sá lọ.

Ìyá mi ni. Ìyá mi kì í sì í pè mí. Tó bá fẹ́ mi, á jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan, á pa á, èmi ni màá wá pè é padà. Lọ́jọ́ yẹn, ìpè tòótọ́ ni.

"Ìyá Àwáwù, jókòó ná."

Mo ní, "Ilẹ̀ ni mo wà, ẹ máa wí."

"Àwáwù wà láàyè o. Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn. Ó wà láàyè, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń bèèrè mínírà."

"Kí ló ṣe é?"

"Iná gbé e."

Mo bi í pé níbo. Ìbéèrè òmùgọ̀ ni, bí ẹni pé mo lè sáré dé ibẹ̀. Ó ní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìṣẹyìn ni, èyí tí mo lè fi ojú inú rìn já láti ibi tí mo kúnlẹ̀ sí lórí táìlì òyìnbó.

Àwáwù ni ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Ọwọ́ ìyá mi àti bàbá mi ni mo fi í sí nígbà tí mò ń bọ̀ nílùú Ọba. Nígbà yẹn kò tí ì mọ ọ̀rọ̀ sọ tán, ó ti wá ń lọ sílé ìwé báyìí, ó ti ń bá ìyá mi jiyàn.

Òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tí àkókò Àlàsárì tó, ìyá mi gbé kẹ́tù àlùwàlá síta, Àwáwù sì tẹ̀ lé e. Ọmọ náà fẹ́ràn àlùwàlá ju ìrun fúnra rẹ̀ lọ. Ó máa ń da omi bí ẹni tó ń fọ ẹ̀wà. Omi ń kán ní ìgúnpá rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ńtì, ó wá rántí pé àkókò tí mo máa ń pè ti ń súnmọ́. Fóònù ìyá mi wà lẹ́nu ṣájà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwáwù fẹ́ lọ yọ ọ́, kó lè jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Wáyà tó gbé iná wá síbẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àjà, ó gba ara ògiri, òrùlé sì ń jò sí i lára. Bí Àwáwù ṣe ń nawọ́ sí ṣájà, ó di wáyà náà mú níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀.

"Kò pariwo," ni ìyá mi wí. "Ohun tó ń dẹ́rù bà mí títí di ìsinsìnyí nìyẹn. Ó kàn dúró síbẹ̀ ni, ó ń gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀."

Ìyá mi ti ń sáré lọ gbá a mú nígbà tí bàbá mi ké mọ́ ọn láti ẹnu ọ̀nà pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bàbá mi fa igi gbígbẹ kan yọ nídìí òfì rẹ̀, ó fi lu wáyà náà títí ó fi kúrò lọ́wọ́ ọmọ. Àwáwù ṣubú. Wọ́n gbé e sórí ọ̀kadà, ó di ọsibítù. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní kò tí ì lè máa lọ sílé, kí àwọn ṣì máa wò ó. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jó.

Mo ní, "Wáyà wo ni, Ìyá?"

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Èyí tí bàbá rẹ so."

Bàbá mi ń hun aṣọ òfì. Ní àdúgbò wa, ilé tí kò bá ní òfì ni èèyàn máa ń bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Òwú máa ń já lórí òfì lójoojúmọ́, iṣẹ́ ahunṣọ sì ni kó so ó padà kí oníbàárà má rí ojú ibẹ̀. Bàbá mi mọ̀ ọ́n ṣe débi pé, bí o bá fi ìka wá a kiri lórí aṣọ, o kò ní kàn án. Kókó tó bá ta kì í tú.

Nígbà tí wọ́n fa iná dé agboolé wa, yàrá bàbá mi nìkan ló dé. Lẹ́yìn náà, àbúrò rẹ̀ gbéyàwó, wọ́n kọ́ yàrá kún un. Làmídì, ọmọ àbúrò rẹ̀, náà gbéyàwó. Ilé ń gùn, wáyà ń gùn tẹ̀ lé e. Ta ló máa lọ pe oníṣẹ́ iná nítorí gílóòbù kan? Bàbá mi á fi eyín bó ara wáyà, á lọ́ ọ pọ̀, á ta á ní kókó bó ṣe ń ta òwú, á wá mú òwú tó bá wà lórí òfì lọ́sẹ̀ yẹn, á fi wé e, á wé e, títí ojú ibẹ̀ á fi máa dán. Téèpù dúdú tí àwọn ẹlòmíràn ń lò máa ń ṣí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òwú bàbá mi kì í ṣí. Gbogbo agboolé ló wá ń pè é: "Bàbá, ẹ wá bá mi so wáyà." Ó máa ń lọ, kì í gba nǹkan kan. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, kí n máa wo kókó aláwọ̀ wáìnì tó wà lókè yàrá wa. Lójú tèmi, ọ̀ṣọ́ ni.

Irú òwú yẹn ló mu omi òjò yó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ọmọ mi fi ọwọ́ àlùwàlá dì mú.

Màmá Pẹ́gì ṣì jókòó sórí àga ìwẹ̀, táwẹ́ẹ̀lì lórí itan rẹ̀. Ó bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, pé ọmọ mi ni iná gbé. Ó wò mí.

"O bímọ?"

Mo ti ń wá sí ilé rẹ̀ láti ìgbà òtútù, mo mọ gbogbo àpá tó wà lára rẹ̀, kò mọ̀ pé mo bímọ. Kì í ṣe pé mo fi pamọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí ni. Nílé, èèyàn kan kò lè pè mí kó má pe orúkọ Àwáwù mọ́ ọn. Níbí, orúkọ tí wọ́n kọ sí àyà aṣọ iṣẹ́ mi ni wọ́n ń pè, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí pé èmi ni.

Ohun tó kọ́kọ́ dójú tì mí nílùú Ọba, iná náà ni. Nínú ilé tí mo gba yàrá sí, mo dé ilé ìwẹ̀, mo fọwọ́ pa ògiri lápá ọ̀tún, mo pa á lápá òsì, n kò rí súìṣì. Mo ní bóyá onílé ló ń ṣọ́ iná ná. Inú òkùnkùn ni mo ń wẹ̀. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń rọ̀ láti òkè àjà, mo rò pé ìkọ́ ni, mo fi kànrìnkàn mi kọ́ ọ. Ìgbà tí ọmọbìnrin ará Gánà tí a jọ ń gbé wọlé lẹ́yìn mi, tó fa okùn náà, tí iná tàn, ló rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé o ti ń wẹ̀ bí òkété láti ọjọ́ yìí?"

Òun ló ṣàlàyé fún mi pé wọn kì í fi súìṣì sí ibi tí ọwọ́ tútù lè kàn án, pé okùn kì í gbé iná. Kò sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan ní ilé ìwẹ̀ wọn. Bí kẹ́tù bá bàjẹ́ ní kíṣìnnì, tí iná bẹ̀rẹ̀ sí í jò sí ara irin rẹ̀, àpótí kan wà lára ògiri tó máa já a kúrò fúnra rẹ̀ kó tó pa èèyàn. Gbogbo rẹ̀ jọ mí lójú, ó sì bí mi nínú díẹ̀. Mo ní àwọn wọ̀nyí bẹ̀rù ikú jù.

Mo máa ń rò ó pé ibi tí o bá lè rìn lókùnkùn láìkọlu nǹkan ni ilé rẹ. Ní Ìṣẹyìn, bí iná bá lọ, ara wa kì í tilẹ̀ mọ̀. Mo mọ ibi tí ìkòkò omi wà, mo mọ ibi tí ilẹ̀ ti rì. Níbí, mo ń kọlu àga nínú yàrá tí kò ju bẹ́ẹ̀dì kan lọ. Ìpè fóònù ni mo fi ń lọ sílé. Bí ìyá mi bá ń sọ̀rọ̀, etí mi máa ń wà lẹ́yìn ohùn rẹ̀, níbi tí òfì bàbá mi ti ń ró kọ́-kọ́-kọ́. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé ara ilé le.

Lẹ́yìn ọjọ́ tí iná gbé Àwáwù, n kò gbọ́ òfì mọ́.

Bàbá mi ti yọ fíùsì, ó jù ú sẹ́yìn ilé. Gbogbo agboolé wà lókùnkùn. Ó ń jókòó nídìí òfì, kò hunṣọ, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí mo bá ní kí wọ́n fún un ní fóònù, ìyá mi á ní ó ti jáde. Mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń húkọ́.

Ìyá mi pe Wàídì, ọkùnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ iná nítòsí ọjà. Wàídì tú kókó ọ̀dẹ̀dẹ̀ wò, ó bèèrè pé mélòó ló kù. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó wà lókè àjà, ó wà lábẹ́ rẹ́ńdà, wọ́n ti kun òmíràn ní ọ̀dà mọ́ ògiri. Iṣẹ́ náà mọ́ débi pé ojú oníṣẹ́ iná kò rí i. Wàídì ní ẹni tó so ó ni kó wá fi han òun, nítorí wáyà tí òun kò bá rí, òun kò lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó ní omi nìkan kọ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba òun, pé wáyà tí wọ́n ta ní kókó máa ń gbóná, òwú sì ni ohun tí iná fẹ́ jẹ.

Àwọn ará ilé wá sọ pé kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Làmídì, tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ nínú yàrá, ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní tiwọn kò tí ì ṣe nǹkan kan. Ó ní báwo làwọn ṣe máa máa já iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá lulẹ̀ lójú wọn, bí ẹni pé apànìyàn ni wọ́n. Ó ní kí Wàídì ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó dá fíùsì padà, kí ó máa lọ. Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n pè é. Wọ́n fẹ́ máa sùn lábẹ́ àwọn kókó náà nìṣó kí ojú má baà ti bàbá mi.

Mo sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n gbé Àwáwù láti ọsibítù lọ sí Ìpàpó, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, pé kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ilé yẹn.

"Bí o bá gbé e lọ, o ti sọ fún bàbá rẹ pé wọn kò tó ọmọ tọ́."

"Ìyá, ọwọ́ ọmọ mi jó."

"Mo mọ̀. Ojú mi ló ṣe. Bàbá rẹ kò jẹun láti ọjọ́ náà, Ìyá Àwáwù."

"Ẹ bá mi gbé e lọ sí Ìpàpó."

Wọ́n gbé e lọ. Mo jókòó ní ibùdó bọ́ọ̀sì, mo sunkún, obìnrin kan sún àpò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí n lè jókòó dáadáa. Inú rere tiwọn nìyẹn. Ìlú tí mo wà kò burú. Ó kàn jẹ́ pé bí mo bá ń sunkún níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá mi pe orúkọ ohun tí mò ń sunkún sí.

Màmá Pẹ́gì ló bá mi pè é. Lọ́jọ́ kan tí mò ń to àwọn oògùn rẹ̀, ó bi mí pé irú wáyà wo ni. Mo rò pé yóò fi wá rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí, pé òwú ni bàbá mi fi wé e. Kò rẹ́rìn-ín.

"Òwú ni tiwa náà," ó ní. "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wáyà fìtílà ilé wa, wọ́n hun òwú sí i lára bí okùn bàtà. Ó dára lójú. Rọ́bà wà nínú rẹ̀. Rọ́bà yẹn gbó, ó rún, òwú ṣì ń dán lóde. Àbúrò mi dì í mú. Ìka rẹ̀ kò nà mọ́ títí ó fi kú. Bàbá wa ló ra fìtílà náà wálé. Títí bàbá wa fi lọ, kò dárúkọ rẹ̀. Àwa náà kò dárúkọ rẹ̀. A jọ ń jẹun lórí tábìlì kan náà, àbúrò mi ń fi ọwọ́ yẹn di ṣíbí mú, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀." Ó gba oògùn lọ́wọ́ mi. "Bóyá ì bá sàn kí a pariwo."

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni mo kíyè sí híta tó ń mú yàrá rẹ̀ gbóná. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbé e wá. Ó fi wáyà alẹ́nu púpọ̀ fa iná rẹ̀ gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, tẹlifíṣọ̀n àti bùláńkẹ́ẹ̀tì oníná náà wà lẹ́nu rẹ̀. Mo fọwọ́ kan orí púlọ́ọ̀gì, ó gbóná, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti pọ́n bí àkàrà tó fẹ́ jó. Ní ìgbà kan, màá wò ó, màá kọjá. Mo yọ ọ́, mo sì lọ sọ fún ọ̀gá wa. Ọmọ rẹ̀ bínú. Ó ní láti ọdún wo ni èmi ti di oníṣẹ́ iná. Mo ní n kì í ṣe oníṣẹ́ iná, pé ìyá ọmọ tí iná gbé ni mí. Ọ̀gá wa rán ẹnì kan wá wò ó, ẹni náà kó wáyà alẹ́nu púpọ̀ náà lọ, ó ní híta kò gbọdọ̀ gba ẹnu wáyà bẹ́ẹ̀, ara ògiri ni kí wọ́n ti máa fún un níná, òun nìkan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ̀rọ̀ nílùú yìí, tí nǹkan kúrò níbi tó wà.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo pe ilé. Ìyá mi ti lọ gba iná sí fóònù rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kó gbé fóònù náà lé itan bàbá mi, kó sì kúrò níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàsán."

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá Àwáwù."

"Ọmọ rẹ kò sí níbí. O ti ní kí wọ́n gbé e lọ."

"Ẹ̀yin ni mo pè."

"Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti ń gbẹ. Ó fẹ́ máa fi ọwọ́ òsì jẹun ní Ìpàpó. Wọ́n ní kò sóhun tó jọ ọ́, ó ní kí wọ́n wá máa fi sí òun lẹ́nu nígbà náà."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu bàbá mi, ó gbé e mì padà. "Òwú kì í ṣe èèyàn níbi," ó ní. "Láti ìgbà tí mo ti wà nídìí rẹ̀, òwú kò ṣe mí níbi rí."

"Òwú kọ́, Bàbá. Omi ni. Ta ló mọ bí òwú ṣe ń mu omi tó ẹ̀yin tí ẹ máa ń kó o wọlé kí òjò tó ṣú?"

Mo sọ ti fìtílà Màmá Pẹ́gì fún un. Mo sọ fún un pé àwọn òyìnbó gan-an fi òwú wé wáyà, tí wọ́n sì rò pé ó dára.

"Àwọn òyìnbó?"

"Àwọn náà."

"Kí ni wọ́n wá ṣe sí i?"

"Wọ́n yọ gbogbo rẹ̀, Bàbá. Ilé kan lẹ́yìn òmíràn."

"Ta ló fi ibi tó wà hàn wọ́n?"

"Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n."

Mo gbọ́ tó ń fi ìka lu igi òfì. Ó ní, "N kò tú ohun tí mo so rí, láyé mi. Wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín."

"Wọ́n lè rín. Ọmọ Làmídì ń sùn lábẹ́ ọ̀kan, Bàbá. Làmídì ò ní sọ fún yín láéláé. Ó ń bọ̀wọ̀ fún yín."

Kò dágbére. Ó kàn fi fóònù sílẹ̀ lórí itan, kò pa á, mo ń gbọ́ àwọn adìyẹ títí kírẹ́díìtì mi fi tán.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ìyá mi pè mí ní ìpè fídíò. Ẹ̀yìn bàbá mi ni mo rí. Ó wọ bùbá tó máa ń wọ̀ lọ sí Jímọ̀, ó di sísọ́ọ̀sì ìdí òfì mú. Wàídì ń gbé àkàsọ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn ará ilé tò lẹ́yìn, wọn kò mọ ibi tí wọ́n máa kọjú sí.

"Níbí," ni bàbá mi wí, ó nawọ́ sókè. "Pupa ni. Aṣọ ìyàwó Làmídì ló wà lórí òfì nígbà yẹn." Ó rìn síwájú. "Ọ̀kan wà lẹ́yìn rẹ́ńdà yìí. Funfun. Ẹ gbẹ́ ẹ jẹ́jẹ́." Ó mọ gbogbo wọn. Ó ń ka ilé náà bí ẹni tó ń ka aṣọ tó ti tà.

Nígbà tí wọ́n dé yàrá Làmídì, Làmídì ní, "Bàbá, èyí tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ti pẹ́ tó ti ń ta mí bí mo bá gbápá lé ògiri. Mo rò pé ìyàwó mi ló ń já mi ní èékánná."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bí èmi bá fẹ́ já ọ ní èékánná, o máa mọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré. Wàídì gun àkàsọ̀, ó gé òwú náà, ó ṣí i. Lóde, òwú pupa ń dán. Nínú, ó dúdú bí èédú, ó ń rún sórí ẹní tí àwọn ọmọ ń sùn lé nídìí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rín tán nílé. Làmídì tẹ̀ ba, ó ṣa èédú náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó. Bàbá mi gbọ́wọ́ lé e ní èjìká, ó ní, "Ó ku èyí tó wà ní kíṣìnnì," wọ́n sì ń lọ.

Wàídì fa wáyà tuntun sí gbogbo ilé. Ó gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dẹ̀dẹ̀ kúrò níbi tí òjò ti ń kán, ó sin irin mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé tí yóò máa gba iná tó bá ṣáko, ó fi súìṣì ńlá kan sí ẹnu mítà tó máa já fúnra rẹ̀. Ó kọ́ wọn pé bí iná bá gbé èèyàn, súìṣì yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ sáré lọ pa. Ó rí orí wáyà ìhòòhò tí ìyá mi fi igi ìṣáná há mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì fáànù, ó yọ ọ́, ó ní kí wọ́n ra púlọ́ọ̀gì. Ìyá mi ní igi ìṣáná yẹn kò ṣe nǹkan kan. Bàbá mi wò ó. Ìyá mi ní ó dáa, òun á rà á.

Wọ́n mú Àwáwù padà láti Ìpàpó. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n Àwáwù kì í gba iwájú ilé òfì kọjá mọ́, ẹ̀yìn ilé ló ń gbà. Bí bàbá mi bá wọlé, á jáde. Bàbá mi náà kì í pè é. Ọjọ́ kan tí mo pè, ó ní kí ìyá mi bá òun di fóònù mú, òun ò fẹ́ fọwọ́ kàn án, ó wá bi mí:

"Mọ́mì, ọmọ Làmídì ní Bàbá Àgbà ló ṣe wáyà tó gbé mi. Ìyá Àgbà ní kí n dákẹ́. Ṣé òótọ́ ni?"

Mo gbọ́ ìyá mi tó ń ké "ṣéè" láti pa á lẹ́nu mọ́. Mo mọ̀ pé bàbá mi wà nítòsí, nítorí ó húkọ́.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kó gbọ́. Àwáwù, òótọ́ ni. Bàbá Àgbà ló so ó. Wọ́n rò pé ó dáa, kò dáa. Àwọn náà ni wọ́n fi igi lù ú kúrò lọ́wọ́ rẹ. Àwọn náà ni wọ́n lọ fi gbogbo èyí tó kù hàn, lójú gbogbo ayé, kó má baà gbé ọmọ Làmídì. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, gbogbo rẹ̀ ni kí o sọ, má yọ ìkankan kúrò. Bí o bá sì fẹ́ bínú sí wọn, o lè bínú, ọwọ́ rẹ ló jó. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé òfì ni kí o ti lọ jókòó bínú, kí wọ́n lè máa rí ọ."